Bráúnì onípele mẹ́ta pẹ̀lú míńtì fún ọdún Kérésìmesì: báwo ni kò ṣe ní yọ́ kí àlejò tó dé?

Ọmọ Aláró, Àjàṣẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ mọ iṣẹ́ gátò. Mo fẹ́ ṣe bráúnì (gátò ṣokoléètì pẹlẹbẹ) onípele mẹ́ta fún ọjọ́ Kérésìmesì, èyí tí bráúnì ṣokoléètì dúdú wà nísàlẹ̀, tí ìpara bọ́tà aláwọ̀ ewé tí ó ní míńtì nínú wà láàárín, tí ṣokoléètì dídán sì bo orí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìlànà tí mo rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó jẹ́ pé àwọn ará Amẹ́ríkà ni ó kọ ọ́, àwọn tí òtútù ń mú ní oṣù Kejìlá, ṣùgbọ́n ilé ìdáná tiwa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí ti máa ń móoru láti òwúrọ̀, ọ̀rinrin ọ̀sà kò sì fi afẹ́fẹ́ sílẹ̀. Irú míńtì wo ni kí n rà? Ṣé mo lè lo siróò míńtì aláwọ̀ ewé tí a máa ń pò mọ́ omi tútù fún àwọn ọmọ? Kí ni mo lè ṣe tí ìpele àárín kò fi ní dà pọ̀ mọ́ ti òkè? Ààrò gáàsì ni mo ní, fírígò mi kò tóbi, àwọn àlejò mi yóò sì tó ogún, Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí.

Ìyá Onígátò, Ouando

Ọmọ mi, o kú ìmúra ọdún. Gátò yìí kò le rárá, ṣùgbọ́n ìpele kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ tutù dáadáa kí èkejì tó gùn ún, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti ń bà á jẹ́ nítorí pé wọ́n ń kánjú. Màá kọ ìwọ̀n fún páànù onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20. Ègé 16 ni yóò jáde nínú rẹ̀. Fún àlejò ogún, ìlọ́po méjì ni kí o ṣe, nínú páànù tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 33 tí ó sì fẹ̀ ní 23, kí ó lè kárí àwọn ọmọ aládùúgbò tí o kò pè, nítorí pé wọn yóò wá.

Kọ́kọ́ tẹ́ pépà sínú páànù, kí etí pépà náà ga ju ti páànù lọ ní ẹ̀gbẹ́ méjì, nítorí etí yẹn ni o máa dì mú nígbà tí o bá fẹ́ gbé gbogbo rẹ̀ jáde. Yọ́ bọ́tà gíráàmù 115 lórí iná kékeré, da ṣúgà gíráàmù 200 sí i nígbà tí ó ṣì gbóná, kí o sì rò ó. Jẹ́ kí ó lọ wọ́ọ́rọ́ kí o tó fọ́ ẹyin méjì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí bí bọ́tà bá ṣì gbóná jù, ẹyin yóò dì sínú rẹ̀ kí o tó mọ̀. Ọwọ́ àti ṣíbí igi ni kí o fi rò ó, má lo ẹ̀rọ, nítorí afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ ń kó sínú rẹ̀ yóò mú kí ó wú nínú ààrò, kí àárín rẹ̀ sì jìn nígbà tí ó bá tutù, bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tí a ń wá ni orí tí ó tẹ́jú, kí míńtì lè nípọn bákan náà láti etí dé àárín. Lẹ́yìn náà, jọ ìyẹ̀fun àlìkámà gíráàmù 65 àti ìyẹ̀fun kòkó gíráàmù 40 sí i pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀, kí o pa wọ́n pọ̀ títí o kò fi ní rí funfun mọ́, kí o sì dáwọ́ dúró níbẹ̀. Kòkó tí mo ń wí ni èyí tí kò ní ṣúgà nínú, kì í ṣe èyí tí a ń pò mu ní àárọ̀, nítorí ṣúgà ni ó pọ̀ jù nínú ìyẹn. Má fi ohun tí ń mú gátò wú sí i.

Ti tan ààrò sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 kí o tó gbé páànù sí i. Ìwọ̀n ooru 175 °C ni ó dára. Bí ó bá jẹ́ pé nọ́ńbà ni wọ́n kọ sí ibi tí a ti ń yí iná ààrò rẹ, nọ́ńbà 6 dúró fún nǹkan bí 180 °C, nítorí náà yí i sí ìsàlẹ̀ 6 díẹ̀. Páànù kékeré yóò lo ìṣẹ́jú 20 sí 25, ti ńlá yóò lo 25 sí 30. Fi igi ìtayín gún àárín rẹ̀ wò: bí ó bá jáde pẹ̀lú ẹ̀rún tí ó rọ̀ tí ó lẹ̀ mọ́ ọn, yọ ọ́ kíákíá, bí ó bá jẹ́ omi ìyẹ̀fun ni ó bá a jáde, kò tíì jinná, bí ó bá sì mọ́ tónítóní, ó ti jinná kọjá, yóò le nínú fírígò.

Nígbà tí ó bá tutù pátápátá lórí tábìlì, gbé e sínú fírígò fún wákàtí kan pẹ̀lú páànù rẹ̀. Ìgbà yìí ni kí o wá ṣe ìpara àárín: bọ́tà rírọ̀ gíráàmù 60, ṣúgà lẹ́búlẹ́bú gíráàmù 240 tí o ti jọ̀, wàrà ṣíbí ìjẹun kan, òórùn míńtì inú ìgò ìdajì ṣíbí tíì, àti àwọ̀ ewé ẹ̀kán méjì péré. Rò ó títí yóò fi dúró lórí ṣíbí. Bí ó bá gan jù, fi wàrà kún un ní ìkán-ìkán, nítorí kò sí ohun tí a fi ń yọ wàrà kúrò bí ó bá ti pọ̀ jù, àyàfi kí a máa da ṣúgà sí i títí gbogbo rẹ̀ yóò fi dùn kọjá ẹnu. Tẹ́ ẹ sórí bráúnì tútù, kí o sì dá a padà sínú fírígò fún wákàtí kan mìíràn.

Ti òkè ni ṣokoléètì dúdú gíráàmù 120 pẹ̀lú bọ́tà gíráàmù 40. Yọ́ wọn nínú abọ́ tí o gbé lé orí ìkòkò omi gbígbóná, kí ìdí abọ́ má ṣe kan omi, kí omi má sì ta sínú rẹ̀, nítorí ẹ̀kán omi díẹ̀ tó láti mú kí ṣokoléètì dì pọ̀ kí ó sì di ṣákaṣàka. Má ṣe dà á sórí míńtì ní gbígbóná. Fi ìka kàn án: bí o kò bá mọ gbígbóná tàbí tútù lára rẹ̀ mọ́, tí ó sì ṣì ń ṣàn, àsìkò rẹ̀ ti tó nìyẹn. Dà á sí àárín, kí o gbé páànù ní àgbéyí kí ó ṣàn dé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀bẹ tí o bá fi ń tẹ́ ẹ kiri ni yóò hú míńtì jáde.

Tísà Ṣábẹ̀ẹ́

Mo kí Ìyá wa ní Ouando, wọ́n ti sọ ojú abẹ níkòó. Èmi fẹ́ dáhùn ìbéèrè míńtì, nítorí ibẹ̀ ni owó ti máa ń ṣòfò.

Oríṣi ewé méjì ni àwọn ènìyàn ń pè ní míńtì. Ọ̀kan ni èyí tí wọ́n ń tà ní ìdì-ìdì lọ́jà fún tíì àwọn tí ó máa ń jókòó lẹ́yìn ìrun. Òórùn rẹ̀ dùn, ó sì tutù lẹ́nu díẹ̀. Èkejì ni èyí tí wọ́n kọ menthe poivrée sí lára ìgò rẹ̀, tí ó ní ohun tí wọ́n ń pè ní menthol lọ́pọ̀lọpọ̀. Menthol yìí ni ó máa ń ta iṣan ẹnu tí a fi ń mọ òtútù jí, tí ẹnu yóò fi rò pé afẹ́fẹ́ tútù wọlé, bẹ́ẹ̀ ooru inú ẹnu kò yí padà rárá. Nínú oúnjẹ tí ó ní ọ̀rá, ṣúgà àti kòkó kíkorò, oríṣi kejì ni a nílò, nítorí pé òun ni ó lè gé ọ̀rá náà lẹ́nu. Oríṣi àkọ́kọ́ tàbí àpapọ̀ méjèèjì ni ó máa ń jẹ́ kí àwọn ọmọdé sọ pé gátò náà jọ ọṣẹ ìfọyín. Nítorí náà, ka ohun tí wọ́n kọ sí ìgò dáadáa: bí ó bá jẹ́ menthe nìkan ni wọ́n kọ, bi olùtajà léèrè.

Òróró míńtì ògidì yàtọ̀ sí òórùn míńtì tí wọ́n ti là. Òróró yẹn lágbára débi pé ẹ̀kán kan tàbí méjì tó fún gbogbo ìpara àárín tí Ìyá kọ, ẹni tí ó bá sì wọ̀n ọ́n ní ṣíbí ti ba gbogbo bọ́tà àti ṣúgà rẹ̀ jẹ́. Kí ó sì jẹ́ èyí tí wọ́n kọ sí lára pé ó wà fún oúnjẹ ni o máa rà. Èyí tí wọ́n ń tà fún fífi pa ara tàbí fún fífà símú nígbà tí ọ̀fìnkìn bá dé kì í ṣe ohun tí a ń fi sínú gátò, bẹ́ẹ̀ náà ni ti menthol olókùúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá.

Ní ti siróò aláwọ̀ ewé, ṣúgà àti omi ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí o bá fẹ́ kí òórùn rẹ̀ hàn, o ní láti da púpọ̀ sí i, omi yẹn ni yóò sì sọ ìpara di ọbẹ̀. Ohun tí o lè ṣe ni kí o fi ṣíbí ìjẹun kan rẹ̀ rọ́pò wàrà tí Ìyá wí, nígbà náà o lè yọ àwọ̀ ewé kúrò pátápátá, kí o sì dín òórùn inú ìgò kù díẹ̀. Mo ti jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ níbi ìkómọjáde kan níbí, ó dùn.

Ìtàn tí àwọn ará Chicago máa ń sọ ni pé hótẹ́ẹ̀lì Palmer House ni ó ṣe irú gátò yìí fún àwọn obìnrin tí ó lọ síbi ìpàtẹ àgbáyé ọdún 1893, kí wọ́n lè gbé e dání nínú àpótí oúnjẹ láìsí pé ó ń fọ́ tàbí pé ó ń ba ọwọ́ jẹ́. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí míńtì lórí ti ìgbà náà. Àwa tí a wá ń fi ìpara bọ́tà sí i ni a dá wàhálà sílẹ̀ fún ara wa.

Ọmọ Aláró, Àjàṣẹ́

Ẹ ṣeun, Ìyá mi, ẹ ṣeun, Tísà. Ewé míńtì tútù ńkọ́? Ó wà nínú ìkòkò lẹ́yìn ilé mi.

Tísà Ṣábẹ̀ẹ́

Fi ṣe ọ̀ṣọ́ lórí àwo. Bí o bá rẹ ẹ́ sínú wàrà gbígbóná, tí o sẹ́ ẹ, yóò fún ọ ní òórùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ṣíbí wàrà kan péré ni gátò yìí ń lò, kò sì lè gbé òórùn tí ó tó. Bí o bá sì gún ewé náà sínú bọ́tà, yóò dúdú kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ọmọ Akaba Ìdẹ̀nà, Kétu

Ìyá Onígátò, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má bínú sí mi, mo fara mọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ, àyàfi ọ̀rọ̀ bọ́tà ìpele àárín. Bọ́tà màlúù ti máa ń yọ́ láàárín 32 °C sí 35 °C, kí ó tó dé ibẹ̀ sì ni ó ti rọ̀ tí kò lè gbé nǹkan mọ́. Ọ̀rá inú ṣokoléètì náà, nǹkan bí 34 °C ni ó ń yọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ ọdún, nígbà tí ènìyàn bá kún yàrá, tí wọ́n sì ń dáná lẹ́gbẹ̀ẹ́, ooru tí ó wà nínú ilé kò jìnnà sí èyí. Nítorí náà ni mo ṣe máa ń sọ fún àwọn tí ó ń ra gátò lọ́wọ́ mi pé kí wọ́n fara mọ́ kí n fi màgárínì líle pò mọ́ bọ́tà nínú ìpara, ìdajì sí ìdajì. Màgárínì tí wọ́n ń tà fún àwọn oníṣẹ́ búrẹ́dì ni mo ń wí, èyí tí ó máa ń dúró láì wà nínú fírígò. Èyí tí ó wà nínú ike fún fífi pa búrẹ́dì ní omi púpọ̀, ó sì burú ju bọ́tà lọ fún iṣẹ́ yìí.

Fún ìpele òkè, mo máa ń dín bọ́tà kù láti gíráàmù 40 sí 30. Yóò le díẹ̀ sí i, kò sì ní máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́ àwọn ọmọ. Ìsàlẹ̀ nìkan ni mo fi bọ́tà ògidì sílẹ̀ fún, nítorí ẹyin àti ìyẹ̀fun ti di í mú nínú ààrò, ooru ilé kò lè ṣe é ní nǹkan kan.

Ìyá Onígátò, Ouando

Mi ò bínú, ọmọ mi. Òótọ́ ni pé màgárínì dúró ju bọ́tà lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú kí ó dúró lórí tábìlì náà ni ó ń mú kí ó dúró lórí ahọ́n: kì í yọ́ tán nínú ẹnu, ó máa ń bo ahọ́n, míńtì kò sì ní ráyè. Ìdá kan nínú mẹ́ta ni mo lè gbà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, fún ẹni tí kò ní fírígò rárá. Ẹni tí ó bá ní fírígò tí iná rẹ̀ sì wà, kí ó lo bọ́tà, kí ó sì gbé gátò jáde nígbà tí àlejò bá ti jẹun tán. Ìdí tí a fi ń gbé e kalẹ̀ láti aago mẹ́wàá òwúrọ̀ kí àwọn ènìyàn lè máa wò ó kò yé mi.

Lórí ìpele òkè, mo fara mọ́ 30 bí fírígò kò bá sí. Bí ó bá jẹ́ inú fírígò ni yóò ti wá, kí ó jẹ́ 40, nítorí bí ọ̀rá bá kéré jù, yóò sán nígbà tí a bá ń gé e.

Àlàájà, Àjàṣẹ́

Àlàáfíà fún yín. Ẹni tí ó béèrè sọ pé òun ní àlejò Mùsùlùmí, mo sì rí i pé ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu kan ọtí. Ọ̀pọ̀ òórùn inú ìgò, ì báà ṣe ti míńtì tàbí ti fàníílà, ni ó jẹ́ pé ọtí ni wọ́n fi yọ òórùn náà jáde lára ewé tàbí èso rẹ̀, tí ọtí ọ̀hún sì ṣì wà nínú rẹ̀. Nínú gátò tí ó kọjá nínú ààrò, púpọ̀ nínú rẹ̀ máa ń fò lọ, ṣùgbọ́n ìpara míńtì kì í rí iná rárá, ohun tí a bá fi sí i ni a máa jẹ. Àwọn kan nínú wa kò ka ìdajì ṣíbí tíì sí nǹkan, àwọn mìíràn kò ní fẹnu kàn án. Kò yẹ kí a fi àlejò sínú iyè méjì ní ọjọ́ ọdún.

Àwọn ìgò kan wà tí wọ́n kọ sans alcool (láìsí ọtí) sí lára, tí ó jẹ́ pé òróró ni wọ́n fi là á. Bí o kò bá rí i, òróró míńtì ògidì tí Tísà wí, èyí tí ó wà fún oúnjẹ, ní ẹ̀kán kan péré, kò ní ọtí nínú. Kán an sórí ṣúgà lẹ́búlẹ́bú ná, má kán an sínú bọ́tà ní tààrà, kí o fi ọwọ́ ra ṣúgà náà dáadáa kí ó lè kárí, kí ẹnì kan má baà jẹ gbogbo rẹ̀ nínú ègé kan ṣoṣo. Tún wo ẹ̀yìn pépà ṣokoléètì rẹ kí o tó rà á, nítorí àwọn kan wà tí wọ́n fi ọtí sí inú wọn fún ọdún.

Ní àdúgbò wa, oúnjẹ ọdún kì í mọ sí ilé kan. Ẹran Iléyá ń lọ sí ilé Kìrìsìtẹ́nì, gátò Kérésìmesì ń wọ ilé wa, àwọn Àgùdà, ọmọ àwọn tí ó ti Brazil padà wá, náà kò sì ní fi wá sílẹ̀ nígbà ọdún Bonfim wọn ní oṣù Kínní. Ẹni tí ó bá ti ṣe gátò tí gbogbo ènìyàn lè jẹ kò ní nílò láti máa ṣàlàyé lẹ́nu ọ̀nà.

Bàbá Oníbúrẹ́dì, Kétu

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ fún àwọn tí ń kàwé yìí tí wọn kò ní ààrò gáàsì. Bráúnì ṣe é yan nínú ìkòkò ńlá lórí èédú. Ẹ da yanrìn gbígbẹ tí ó mọ́ sínú ìkòkò náà, kí ó nípọn tó ìka méjì, ẹ gbé òkúta pẹlẹbẹ mẹ́ta lé e, ẹ dé e, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbóná fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20. Orí òkúta ni páànù yóò jókòó, kì í ṣe orí yanrìn, kí ìdí rẹ̀ má baà jó. Ẹ kó ẹyin iná díẹ̀ sórí ìdérí, nítorí láìsí iná lókè, ìsàlẹ̀ yóò jinná, orí yóò sì máa gbọ̀n. Ẹ ó mọ̀ pé iná ìsàlẹ̀ ti pọ̀ jù bí òórùn kòkó bá tètè ń jáde kíákíá. Ẹ yọ èédú díẹ̀ kúrò nígbà náà. Kí ẹ tó ṣí i wò, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 25. Ìkòkò kò ní ìwọ̀n ooru lára, igi ìtayín ni ẹ ó máa gbà gbọ́, kì í ṣe aago.

Ọ̀rọ̀ kan sì wà nípa ọyẹ́. Ní ọ̀dọ̀ wa ní Kétu àti ní Ṣábẹ̀ẹ́, bí ọyẹ́ bá ti dé, ìṣòro kì í ṣe yíyọ́ mọ́ ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́, gbígbẹ ni. Bráúnì tí a fi sílẹ̀ láìbò lálẹ́ yóò ti gan ní etí kí ilẹ̀ tó mọ́, ekuru pupa yóò sì ti bà lé ṣokoléètì. Ẹ bò ó, ẹ má sì gé e títí di ọjọ́ tí ẹ óò jẹ ẹ́, nítorí ibi tí ọ̀bẹ bá kàn ni ọyẹ́ máa ń gbà wọlé.

Ọmọ Aláró, Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá mi, ẹ ṣeun púpọ̀. Ṣúgà lẹ́búlẹ́bú kò sí ní ọ̀dọ̀ ẹni tí mo máa ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tí mo sì ní nílé ti dì pọ̀. Ṣé mo lè lọ ṣúgà oníhóró fúnra mi? Mo tún fẹ́ mọ ìgbà tí mo lè bẹ̀rẹ̀, nítorí pé iyán, ọbẹ̀ àti adìyẹ ni mo máa dojú kọ ní ọjọ́ ọdún gan-an.

Ìyá Onígátò, Ouando

O lè lọ̀ ọ́ nínú ẹ̀rọ ìlọta tí ó gbẹ, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ṣíbí ìjẹun kan sítáàṣì àgbàdo sí gíráàmù 200 ṣúgà, kí o sì fi asẹ́ tí ojú rẹ̀ kéré jù lọ jọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Fi díẹ̀ sórí ahọ́n: bí o bá ṣì gbọ́ yanrìn, dá a padà sínú ẹ̀rọ. Èyí tí ó ti dì pọ̀ nílé rẹ kò bàjẹ́, ọ̀rinrin ọ̀sà ni ó mú un. Fi ọwọ́ fọ́ ọ, kí o jọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n dín wàrà kù nígbà tí o bá ń ṣe ìpara, nítorí ó ti mu omi tẹ́lẹ̀.

Ní ti ìgbà, ọjọ́ méjì ṣáájú ọdún ni kí o yan ìpele ìsàlẹ̀. Bráúnì máa ń dùn sí i lọ́jọ́ kejì, ó sì máa ń rọrùn láti tẹ́ nǹkan lé lórí nígbà tí ó bá ti jókòó. Ní ọjọ́ tí ó ṣáájú ọdún, ṣe míńtì ní òwúrọ̀, da ṣokoléètì sórí rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí ó sùn sínú fírígò. Bí fírísà bá wà ní ilé ẹnì kan tí o mọ̀, ìpele ìsàlẹ̀ nìkan, tí o bá fi ọ̀rá wé e lẹ́ẹ̀mejì, lè wà níbẹ̀ fún oṣù kan láìsí àyípadà kankan; gbé e jáde ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ tí o fẹ́ tẹ́ míńtì lé e. Gbogbo rẹ̀ tí ó ti parí lè lo ọjọ́ mẹ́rin nínú fírígò bí o bá dé e pa. Má gbé e sún mọ́ àlùbọ́sà tàbí ẹja, nítorí bọ́tà máa ń fa òórùn.

Bí iná mànàmáná bá lọ, má ṣí fírígò. Bí o kò bá ṣí i, yóò tutù fún nǹkan bí wákàtí mẹ́rin. Àwọn ọmọ tí ń ṣí i láti wò ó bóyá gátò ṣì wà níbẹ̀ ni ọ̀tá rẹ.

Ọmọ Akaba Ìdẹ̀nà, Kétu

Gígé rẹ̀ ni ó kù, ibẹ̀ sì ni ẹwà ìpele mẹ́ta ti ń hàn tàbí ti ń bàjẹ́. Bí ṣokoléètì bá ti le tán nínú fírígò tí a sì fi agbára tẹ ọ̀bẹ mọ́ ọn, yóò sán lọ́nà tí kò tọ́, míńtì yóò sì gba ẹ̀gbẹ́ yọ jáde. Ọ̀nà méjì ni mo mọ̀ tí ó dára. Èkíní ni kí o fi ọ̀bẹ fa ìlà sí orí ṣokoléètì nígbà tí ó bá ti di ṣùgbọ́n tí kò tíì le, ìyẹn nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn tí o gbé e sínú fírígò; ìlà náà kò gbọ́dọ̀ jìn ju ṣokoléètì lọ. Lọ́jọ́ kejì, ojú ìlà yẹn ni ọ̀bẹ yóò tọ̀. Èkejì ni kí o gbé e jáde fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí o ti ọ̀bẹ gígùn bọ omi gbígbóná, kí o nù ún gbẹ, kí o gbé e lé orí ṣokoléètì fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí ooru rẹ̀ lè ṣí ọ̀nà, kí o tó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ ní tààrà. Má ṣe fà á síwá-sẹ́yìn bí ẹni ń fi ayùn la pákó. Nù ún lẹ́yìn gígé kọ̀ọ̀kan, bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kòkó tí ó lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ ni yóò kun ìlà aláwọ̀ ewé ègé tí ó tẹ̀ lé e. Gé etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò ná. Ti alásè nìyẹn.

Nínú ọ̀rinrin Àjàṣẹ́, ohun mìíràn wà tí ó yẹ kí o mọ̀. Bí o bá ṣí ìdérí abọ́ ní kété tí o gbé e jáde nínú fírígò, omi yóò là lórí ṣokoléètì, dídán rẹ̀ yóò sì lọ. Fi ìdérí sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn, kí omi náà lè dì sí ara ìdérí dípò orí gátò, lẹ́yìn náà kí o ṣí i, kí o sì gé e.

Ọmọ Aláró, Àjàṣẹ́

Ìyá ọkọ mi ní Kétu ti gbọ́, wọ́n ní kí n má gbàgbé tiwọn. Ṣé ó lè dé ọ̀dọ̀ wọn láìyọ́?

Bàbá Oníbúrẹ́dì, Kétu

Yóò dé. Má gé e, fi í sílẹ̀ nínú páànù rẹ̀, kí ó ti sùn nínú fírígò mọ́jú. Gbé e sínú àpótí ìtọ́jú yìnyín ní ìtẹ́jú, kí o tò omi inú ọ̀rá tí ó ti di yìnyín yí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ká, kí aṣọ ìnura wà láàárín wọn, nítorí ọ̀rá omi máa ń jò. Má gbé yìnyín lé orí rẹ̀. Gba ọkọ̀ àárọ̀ kùtùkùtù, kí oòrùn tó mú, kí o sì gbé àpótí náà sí ẹsẹ̀ rẹ, má jẹ́ kí wọ́n dì í mọ́ orí ọkọ̀, nítorí àwọn awakọ̀ a máa dúró pẹ́ ní Sakété àti ní Pọ́bẹ̀ láti gba èrò. Bí o bá dé, kí Ìyá gbé e sí ibi tútù fún ìdajì wákàtí kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kàn án. Kí o fi ọ̀bẹ gígùn ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀ o, mo mọ irú ọ̀bẹ tí ó máa ń wà ní ilé àwọn ìyá wa.